Igbó Tí Wọ́n Ń Gbá ní Gbàǹgbà

Abúlé Gbàǹgbà wà láàárín ọ̀dàn, níbi tí koríko ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Bí àlejò bá ń bọ̀ wá síbẹ̀, wọ́n á ti rí i láti òkèèrè, wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, ọbẹ̀ á jinná, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán kí àlejò náà tó dé. Ilé mẹ́tàlélógún ló wà ní abúlé yìí, igi sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Igi ìyeyè ni. Ṣùgbọ́n ará Gbàǹgbà kì í pè é ní igi. Igbó ni wọ́n ń pè é.

Wọn kì í fi igbó wọn ṣeré. Wọ́n la ọ̀nà síbẹ̀. Wọ́n yan Olórí Ọdẹ láti máa ṣọ́ ọ, bàbá kan tó ń jẹ́ Láwoyin, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún, tó sì ti pa alángbá kan. Láràárọ̀ ni Láwoyin ń fi ìgbálẹ̀ gbá inú igbó náà mọ́ tónítóní. Ó sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n má ṣe dá wọ ibẹ̀, nítorí èèyàn lè ṣìnà.

Ọmọ abúlé yìí ni Àkàngbé. Ó ta ewúrẹ́ dé ilẹ̀ igbó, ó sì rí Mojíròlá níbẹ̀, ọmọ Ògúnkẹ́yẹ ọdẹ. Mojíròlá gbà fún un. Bàbá rẹ̀ ló kù. Ògúnkẹ́yẹ ti búra pé oòrùn kò ní pa ọmọ òun lórí láéláé: ìlú tí kò bá ní igbó, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé obì ìtọrọ wá.

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, a ní igbó."

Kò purọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn.

Ni Ògúnkẹ́yẹ bá kó ogún mọ̀lẹ́bí lẹ́yìn, ó mú Mojíròlá àti ẹrù rẹ̀ dání, ó ń bọ̀ wá wo igbó àna. Láti àárọ̀ ni Gbàǹgbà ti ń wò wọ́n bọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé.

Baálẹ̀ Oyèdòkun ní, "Ẹ káàbọ̀, àna wa. Ẹ jẹ́ ká wọ inú igbó lọ, kí ara lè tù yín."

Wọ́n jókòó sábẹ́ ìyeyè. Ibòji rẹ̀ kò gbà ju èèyàn méjìlá lọ, nítorí náà àwọn àlejò fún ara wọn pọ̀, gbogbo ará Gbàǹgbà sì dúró sínú oòrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ibòji bá ti sún, Baálẹ̀ á ní, "Ẹ má bínú, igbó ti ń lọ o." Àwọn àlejò á dìde, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n sún lẹ́ẹ̀kẹta, Ògúnkẹ́yẹ béèrè pé, "Baálẹ̀, ìgbà wo la máa dé inú igbó?"

"Inú rẹ̀ lẹ wà yìí."

Ọdẹ wòkè, ó wolẹ̀. Ó rí èso ìyeyè tó jábọ́, kò rí ọmọ igi kan tó hù. "Ta ló ń fa àwọn ọmọ rẹ̀ tu?"

Láwoyin gbé ìgbálẹ̀ kọ́ èjìká bí ìbọn. "Èmi ni. Láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò jẹ́ kí ohunkóhun hù nínú igbó yìí."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ògúnkẹ́yẹ wí. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe, mo sì ti búra. Mojíròlá, gbé ẹrù rẹ."

Àkàngbé dorí kodò. Mojíròlá kò gbé ẹrù. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, igi kan ò tó. Méjì ńkọ́?"

Olóòótọ́ ni Ògúnkẹ́yẹ; ó rò ó wò. "Méjì náà ò tíì tó."

"Ogún ńkọ́?"

"Ogún ti ń jọ ọ́. Níbo ló wà?"

"Ẹ̀ka ìyeyè kì í kú, Bàbá. Ibi tí wọ́n bá gún un mọ́ ló ti ń hù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Àkàngbé ti wà lókè igi, ó ń gé ẹ̀ka. Ilé kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Baálẹ̀ fi ọ̀pá oyè gbẹ́ ihò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀pá náà ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin gbé omi tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ àlejò jáde, wọ́n ń bomi rin igi. Wọ́n ń gbìn ín wọ́gọwọ̀gọ débi pé Ògúnkẹ́yẹ kò lè mú un mọ́ra.

"Wọn kì í gún un báyẹn. Ẹ gbé ọkọ́ wá." Ó gbin mẹ́ta.

Mojíròlá ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ igbó àna yín."

Ògúnkẹ́yẹ wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó dúró nínú oòrùn láìní ewé kan. "Ó dáa. Igbó ni, ó kàn ṣì kéré ni. Ẹ bá mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yẹn."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe ìyàwó, láìsí ọbẹ̀.

Kí Mojíròlá tó bí ọmọ kẹrin, ewé ti kan ewé, ẹyẹ ti dé. Lọ́jọ́ kan, Láwoyin wọ inú igbó láàárọ̀, wọn ò rí i títí di ọ̀sán. Ẹ̀yìn abúlé ló jáde sí, pẹ̀lú ewé lórí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín pé èèyàn lè ṣìnà?"

Ọ̀rọ̀ tí ọdẹ yẹn sọ lábẹ́ ìyeyè ni àwọn àgbà mú lò, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé igi kan kì í dá igbó ṣe.