Tanímọ̀la, Ajá Ọdẹ́tọ́lá

Ní abúlé Òkè-Ìrókò, ọ̀bọ kì í jẹ́ kí àgbàdo gbó lóko. Akọ kan wà láàárín wọn tó máa ń fa ajá ya bí aṣọ. Gbogbo ìrètí àwọn ará abúlé wá wà lára Tanímọ̀la, ajá tó jẹ́ ti ọdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ́tọ́lá.

Àṣà wọn ni pé ajá tó bá mú ẹran ni í jẹ ọ̀rá inú rẹ̀. Nígbà tí Tanímọ̀la mú túùkú kan tó sanra, Ọdẹ́tọ́lá kó gbogbo ọ̀rá náà fún un. Ìfẹ́ ni, ẹ má bú u. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá ti ń bì. Ó fi àyà lélẹ̀, ó na ìdí sókè, bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá tún ki ọ̀rá sí i lẹ́nu pé kó lè lágbára. Àìsàn náà le sí i.

"Ẹ jẹ́ ká fi í fún Ògún kó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́," ni Aṣípa, olórí àwọn ọdẹ, wí.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. N kò tíì fi í sílẹ̀," ni Ọdẹ́tọ́lá dáhùn.

Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Awẹ́ró, tó máa ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní agbègbè náà. Ìyá tẹ ajá níkùn, ajá ké.

"Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀rá tí o fi ń kẹ́ ẹ ló ń pa á. Ẹ̀yà kan fara ti àpòlúkù, òun ni í bá a mú oúnjẹ dà nínú. Ó ti wú. Ara ajá gan-an ló wá ń mú dà báyìí bí oúnjẹ."

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ara tó ń jẹ ara rẹ̀!

"Kí ni kí n ṣe, Ìyá?"

"Máa kán omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá bì mọ́, fún un ní ẹ̀kọ tó ṣàn àti ẹran adìẹ tí a ti bó awọ rẹ̀. Ọ̀rá ti di èèwọ̀ rẹ̀ títí ayé."

Ọdẹ́tọ́lá pa igbó tì. Ó jókòó ti ajá lẹ́yìn, ó fi itan gbé e ró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé ṣé ajá ló fẹ́ níyàwó ni, ó ń kán omi sí ajá lẹ́nu lọ. Nígbà tó yá, èébì dá, ajá lá ẹ̀kọ, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sóko àgbàdo, akọ ọ̀bọ náà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ajá yòókù sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tanímọ̀la, tó ṣì rù, dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Mo wà níbí!" Ọdẹ́tọ́lá ké.

Ajá fò mọ́ ọ̀bọ lọ́rùn, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọ̀bọ náà. Aṣípa ṣí fìlà fún ajá.

Ohun tí Aṣípa sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń pòwe fún wa títí dòní: ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.