Ìdọ̀bálẹ̀ tí Mo Ṣe Lórí Ilé Àkeekèé

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ jókòó yí mi ká, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí irùngbọ̀n yín funfun bí òwú tó là lẹ́ẹ̀rùn, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé kò sí ohun tí àgbà lè sọ tí ẹ kò tí ì gbọ́, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ súnmọ́ mi. Ọdẹ́jìmí lorúkọ mi, ọmọ ìlú Òkè-Ẹfọ̀n ni mí, níbi tí ọmọkùnrin ti ń mọ ìdọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ìrìn. Mo ti pa ẹfọ̀n rí, mo ti bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí a kí ara wa tí kálukú sì bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi kò gùn ju ìka ọwọ́ yín lọ. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá yé, kó nawọ́ sókè.

Ní àsìkò tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, àwọn oníkáún láti ìhà aṣálẹ̀ gun ràkúnmí wá sí ìlú wa, ọmọbìnrin kan sì wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń bu omi mu á da omi sí àyà. Ohun tó jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀mejì ni bó ṣe ń wọ bàtà. Á gbé bàtà náà, á da ojú rẹ̀ délẹ̀, á gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́, á wá sọ fún inú rẹ̀ pé, "Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o," kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Mo ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta lò ń kí nínú bàtà?"

Ó ní, "Onílé ni, bó bá wà níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dúró kí n rín in tán, ó ní, "Ẹ kú ẹ̀rín o, ọdẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ wá bá bàbá mi ní Wolẹ̀-kí-o-tó-tẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ṣì kù."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, ṣe alárinà, nítorí ahọ́n rẹ̀ mú ju àdá mi lọ, a sì bá àwọn oníkáún náà lọ. Iyanrìn aṣálẹ̀ tẹ́ súà níwájú wa bí òkun tí ẹnì kan ti da omi rẹ̀ nù. Ràkúnmí tí a gùn ń kùn lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin ará igbó, ara yín wúwo, ọ̀rọ̀ yín tún pọ̀ jù ú lọ." Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Ìwọ tí o gbé òkè pọ̀n bí ọmọ, ta ló bi ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú ara wọn títí a fi dé ìlú.

Ẹ wo ìlú o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbáwọlé ilé àna mi, Paramọ́lẹ̀ kan tó ní ìwo wínníwínní lókè ojú ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn, ojú nìkan ló yọ síta bí ojú aláàbò tó ń ṣọ́ ilé. Nínú ihò ara ògiri, Aláǹtakùn onírun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ jókòó bí ìyálé tó ti jẹun yó. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi ọ̀pá kanlẹ̀ kó-kó, wọ́n ń kí wọn pé ẹ kú ilé, wọ́n sì ń gba ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Oòrùn aṣálẹ̀ lè din ẹyin lórí òkúta. Nítorí náà, gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà níbẹ̀ ló ń wá òjìji kiri: abẹ́ òkúta, abẹ́ ẹní, inú bàtà, inú aṣọ tí a ká sílẹ̀. Kì í ṣe pé olóró kórìíra èèyàn. Òjìji kan náà la jọ ń dù.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Bàbá Àwẹ̀ró, tí wọ́n ń pè ní Baba Ṣọ́sẹ̀, yọ sí wa, èmi náà sì rántí ẹ̀kọ́ ilé. Mo ju apó sílẹ̀, mo ṣí fìlà, mo na ara mi gbalaja sórí iyanrìn bí ìrókò tí ìjì wó, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo tún padà dojú bolẹ̀ kó lè dára dáadáa. Ilẹ̀ rì lábẹ́ àyà mi, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ pé, "Ta nìyí? Ta ló wó òrùlé lé mi lórí?"

Àwẹ̀ró rọra sọ pé, "Ẹ má mira. Ẹ má tilẹ̀ mí púpọ̀."

Ìyá Àkeekèé jáde lábẹ́ igbáàyà mi, ó pupa rúsúrúsú, àwọn ọmọ rẹ̀ funfun bí ìrẹsì lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ìrù rẹ̀ ká sókè bí ìwọ̀ apẹja. Ó rìn gba ọrùn mi, ó dúró níwájú imú mi.

Ó ní, "Ọkùnrin, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo ní, "Màámi, ìkíni ni mo ń kí àna mi."

"O wá ń fi ilé mi kí i. Ṣé bí ẹ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn níbi tí o ti wá nìyẹn, ẹ ó máa yí gbiri lórí ilé onílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ẹ forí jì í. Bí a ti tọ́ ọ nìyẹn."

Aláǹtakùn sọ̀rọ̀ láti ara ògiri, ó ní, "Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn ni, èèwọ̀ tiwa ni. Òfin wa kò le: ẹni tó bá wó ilé aládùúgbò, òun ni yóò gbà á sílé títí ilé tuntun yóò fi parí."

Baba Ṣọ́sẹ̀ gbé fìlà mi, ó yẹ inú rẹ̀ wò. "Èyí nípọn, ó sì ní òjìji. Gbọ́, ọdẹ: bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ yìí bá kú lọ́wọ́ rẹ, kò sí ìyàwó fún ọ níhìn-ín. Wàá gun ràkúnmí rẹ padà."

Ràkúnmí ní, "Kò ní í gùn mí."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú wọ inú apó mi. Ìyá Àkeekèé ní apó náà ń rùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó wọ inú fìlà, tí Àwẹ̀ró sì rọra dé e fún mi.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo ọdẹ tó ń fi ilé olóró ṣe fìlà. Ọrùn mi le bí ọrùn ère. Bí mo bá sín, wọ́n á bá mi wí láti òkè. Bí mo bá sáré, wọ́n á ní àwọn ọmọ ń sùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmùkùrù orí ẹ̀pọ̀n, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe pípa, àgbétọ́jú ni. Àwẹ̀ró kọ́ mi kí n máa gbọn aṣọ kí n tó wọ̀ ọ́, kí n má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú mi kò tí ì dé, kí n gbá ìyókù oúnjẹ kúrò nílẹ̀, nítorí oúnjẹ ló ń pe eku, eku ló sì ń pe ejò.

Paramọ́lẹ̀ náà dá sí i. Ó ní, "Ọdẹ, o ń yọ́ rìn jù. Ilẹ̀ ló ń sọ fún mi pé èèyàn ń bọ̀. Bí o bá yọ́ tẹ̀ mí, n óò bù ọ́ jẹ, ẹ̀bi rẹ sì ni. Tẹlẹ̀ kìì kìì, n óò yà fún ọ." Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ìyọ́rìn, mo wá ń tẹlẹ̀ bí erin tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Mo tún kọ́ ọ pé bí olóró bá ṣe èèyàn níbẹ̀, wọn kì í fi abẹ gbẹ́ ojú ọgbẹ́, wọn kì í fi ẹnu fa oró. Wọ́n á ní kó má mira, wọ́n á sì gbé e lọ bá oníṣègùn kíákíá.

Nígbà tí ilé tuntun parí, gbogbo ìlú péjọ láti wá wo bóyá àwọn ọmọ náà pé. Baba Ṣọ́sẹ̀ jáde nínú agbádá funfun. Ẹ gbà mí gbọ́, ara ń rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Orúnkún mi ti tẹ̀, ọwọ́ mi ti kan etí fìlà, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo dúró gan-an, mo tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dọ̀bálẹ̀, Ọdẹ́jìmí. Àna rẹ ló dúró yẹn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé wa kò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ṣí fìlà."

"N kò lè ṣí i. Àwọn ọmọ ń sùn."

Ẹ̀yin mọ̀ pé ní Òkè-Ẹfọ̀n, ẹni tó bá nàró pẹ̀lú fìlà lórí níwájú àna rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ lé ìyàwó lọ. Òógùn bò mí. Mo rọra na ẹ̀yìn mi, mo wo ilẹ̀, mo fi ọ̀pá kàn án kó-kó, mo sì kí Baba Ṣọ́sẹ̀ lórí ìdúró: mo kí i kú ilé, mo kí i kú ọmọ, mo kí i kú òjìji tó fi ń ṣe wá lálejò. Ó gbójú sókè wo fìlà mi.

Ìyá Àkeekèé bá yọjú létí fìlà. Ó ní, "Baba Ṣọ́sẹ̀, ẹ fún un lọ́mọ yín. Orí rẹ̀ ṣe é gbé." Ó sọ̀ kalẹ̀ gba èjìká mi, àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pé pérépéré, wọ́n wọ ilé tuntun.

Baba Ṣọ́sẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ìdọ̀bálẹ̀ tí o kò ṣe yìí ni mo gbà."

Bí mo ṣe di ọkọ Àwẹ̀ró nìyẹn. Ràkúnmí náà gbé wa dé ilé, ó sì ní ìyàwó nìkan lòun ń gbé, èmi kàn bá a wá ni.

Ó yé yín? Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jù lulẹ̀ láì wo ilẹ̀. Ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù, ó nílé, ó lọ́mọ, òjìji lòun náà ń wá. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, yóò yà fún yín. Ẹ dìde jẹ́jẹ́, ẹ gbọn ẹní yín kí ẹ tó ká a. Kí ilẹ̀ tí ẹ óò tẹ̀ mọ̀ yín, kí onílé inú bàtà yín ti jáde kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé n kò ṣí fìlà kí yín kí ẹ tó lọ: Ìyá Àkeekèé wá kí wa láti àná, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.