Òkìtì Igi Orí Òkè-Arère

"Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró rò ó, yóò yà á lẹ́nu. Ta ló ń bínú síni tí yóò tún máa tọrọ ẹ̀mí gígùn fúnni? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ìlú méjì wà láyé àtijọ́ tí wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́: Ìpàgọ́ ní àfonífojì, Òkè-Arère lókè. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, àwọn ará Ìpàgọ́ a ro ọ̀nà láti bodè wọn dé ìdí ìrókò kan tó wà láàárín. Àwọn Òkè-Arère náà a ro tiwọn sọ̀kalẹ̀. Wọn a pàdé nídìí igi náà, wọn a jọ jẹ iṣu sísun. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi àdá kọjá ìrókò, nítorí ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èéfín. Bí ogun bá ń bọ̀, Òkè-Arère ló ń kọ́kọ́ rí i. Wọn a dáná sórí òkè, Ìpàgọ́ a rí èéfín, wọn a ti bodè.

Ọba Adésokàn ti Ìpàgọ́ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ìyá Alárère, ọba Òkè-Arère, kú, ewúrẹ́ amúkùn-ún kan ló fi ránṣẹ́ síbi òkú. Alárère fi aṣọ di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà, ó dá a padà, ó ní, "Ẹ tọ́jú aláìsàn yín." Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó ro ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí Adésokàn wàjà, Adéyẹlú àbúrò rẹ̀ gorí ìtẹ́. Kò tíì lo oṣù kan lórí oyè tí ìròyìn dé pé àwọn ẹlẹ́ṣin ti kó ìlú méjì lápá àríwá. Odò tó dábùú ọ̀nà wọn sí Ìpàgọ́ sì ń fà. Bí ó bá ti mọ lórúnkún, ẹṣin á là á kọjá. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Adéyẹlú mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: bí ogun bá yọ, ṣé Òkè-Arère á dáná?

Ògúnṣakin, Balógun rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, iná kẹ̀? Àga ni wọn ó gbé síta, wọn ó máa wòran wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ̀ wọ́n," ni ọba wí. "Èmi ni mo wà lórí àga rẹ̀, èmi ni n ó tún un ṣe. Olódùmarè kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ronú pìwà dà. Ènìyàn tí Ó dá kò ní tì í mọ́ wa."

Ó rán ikọ̀ lọ pẹ̀lú àgbò ọlọ́ràá mẹ́ta. Alárère dá àwọn àgbò náà padà. "Ẹ sọ fún un pé mo rí i pé ẹsẹ̀ tàwọn èyí pé mẹ́rin."

Adéyẹlú bú sẹ́rìn-ín. "Ó ka ẹsẹ̀ wọn! Ẹni tó ṣì ń ṣàwàdà kò tíì kórìíra wa tán. Balógun, kó àwọn géńdé, ẹ lọ ro ọ̀nà dé ìdí ìrókò."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣejù. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi tí oòrùn ṣì wà lókè, Balógun ní, "Ẹ jẹ́ ká bá wọn ro díẹ̀ nínú tiwọn, kí inú wọn lè dùn." Wọn kò tíì ro ogún ìṣísẹ̀ tí àwọn ọdẹ Òkè-Arère fi yí wọn ká, tí wọ́n gba àdá wọn.

"A rò pé ọ̀nà lẹ wá ro, àṣé ilẹ̀ wa lẹ wá gbà!"

Balógun padà dé, òógùn bò ó. "Kábíyèsí, mo ti bà á jẹ́. Ọfà ló kù ká gbé."

"Pèrègún ni kí ẹ bá mi gé wá," ni ọba wí. Pèrègún ni wọ́n fi ń pa ààlà.

Lówùúrọ̀, Adéyẹlú rìn dé ìdí ìrókò láìsí agboòrùn, láìsí fèrè, pèrègún lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọdẹ sáré lọ pe Alárère. Bàbá arúgbó náà dé tòun tọ̀pá, ó dúró, ó ń wò ó.

"Ta ló ń gbin pèrègún lẹ́ẹ̀rùn? Kò ní yè."

"Bí ó bá kú, Bàbá, n ó tún òmíràn gbìn. Ààlà yín rèé. Àwọn ọmọ mi ṣàṣejù. Ní ti ewúrẹ́ ìjọ́sí, ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ yín kó tó lọ. Èmi ń bẹ̀ yín." Ó gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá yọ lónìí, ṣé ẹ ó dáná?"

"Tẹ̀lé mi," ni Alárère wí.

Wọ́n gun òkè. Lórí àpáta, òkìtì igi gbígbẹ kan ga ju ènìyàn méjì lọ, wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀ nítorí òjò. Ewé tútù, tí í mú kí èéfín pọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ́nà kan jókòó ti ìkòkò tí iná kò kú nínú rẹ̀. Adéyẹlú fọwọ́ kan ewé náà. Oje rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Ìgbà wo lẹ to èyí?"

"A kò fìgbà kan tú u rí, Kábíyèsí," ni aṣọ́nà wí. "Ọrọọrún la ń pààrọ̀ ewé."

"Fún ọdún mẹ́fà?"

"Ọdún mẹ́fà náà. Kábíyèsí wa á bú yín títí láàfin, wọn á sì tún ránṣẹ́ wá bi mí bóyá igi gbẹ."

Omijé lé ròrò sójú Adéyẹlú. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ àgbò wa?"

"N kò jẹ ẹ́. Inú ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi díẹ̀," ni Alárère wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ń bẹ ní Ìpàgọ́, arúgbó ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ mi, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Òkè-Arère ro ọ̀nà tiwọn sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ìrókò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn náà tó parí, àwọn ẹlẹ́ṣin dé. Kí pátákò ẹṣin wọn tó kan omi, èéfín ti gba ojú ọ̀run. Ìpàgọ́ ti bodè. Òkè-Arère gba ọ̀nà tuntun sọ̀kalẹ̀, wọ́n ká àwọn ẹlẹ́ṣin mọ́ láti ẹ̀yìn. Àwọn tó wá kóni ni wọ́n sá lọ, wọn kò sì padà wá mọ́.

Nítorí náà, má tètè ka ẹni tó ń bá ọ jà mọ́ ọ̀tá. Kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe fún ọ níbi tí ojú rẹ kò tó. Ohun tí Alárère wí la ṣì ń wí títí dòní: bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.