Ìlédìí Àìná àti Ọṣẹ Tí Kì Í Tán

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí ohun gbogbo inú ilé ṣì ń fọhùn, ọṣẹ kì í tán. Ọṣẹ kan ṣoṣo ni ìdílé kan máa ń ní. Ìyá yóò lò ó, ọmọ yóò lò ó, ọmọ-ọmọ yóò lò ó, bó ṣe tóbi náà ni yóò ṣe tóbi.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é nìyí. Bí wọ́n bá ti fi Ọṣẹ ra aṣọ, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn ìfófó, yóò tú jáde, wọn yóò wọ inú aṣọ lọ. Wọn yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn yóò na ara wọn sílẹ̀ láàárín òwú, wọn yóò sùn. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọn yóò jí, tí wọn yóò padà sílé lọ bá bàbá wọn. Ta ló tó bi ọmọ Ọṣẹ pé kí ló ń ṣe níbi tó wà?

Ní abúlé kan tí odò jìnnà sí, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìbídùn bí àkọ́bí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Àìná. Ìyá Ìbídùn fi ìró àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ mínímíní. Ìbídùn fà á ya sí wẹ́wẹ́, ó fi ṣe ìlédìí ọmọ. Aṣọ náà ti di púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan ló fi ń sọ̀rọ̀, ọkàn kan ló sì fi ń ronú. Ìlédìí ni gbogbo ilé ń pè é.

Inú Ìlédìí kọ́kọ́ dùn. Ìró ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, inú àpótí ni ìró sì máa ń gbé títí wọ́n á fi nílò rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìlédìí kì í sinmi. Wọ́n á ká a, wọ́n á dè é, Àìná á tọ̀ sí i. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a. Kó tó gbẹ tán, igbe Àìná á ti gba ilé kan. Wọ́n á tún ká a, wọ́n á tún dè é. Bí kì í bá ṣe ìtọ̀, á jẹ́ ìgbẹ́. Ó rẹ Ìlédìí dé inú òwú.

Ó rẹ Ìbídùn náà. Bí àwọn ará ilé bá kí i pé, "O kú ọwọ́ lómi o," orí lásán ló fi ń dá wọn lóhùn.

Ní abúlé yẹn, imú ni wọ́n fi ń mọ aṣọ tó mọ́. Ìyá ọkọ Ìbídùn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, á ká Ìlédìí lórí okùn, á gbé e símú. Bó bá gbóòórùn ọṣẹ, á ní, "Ó mọ́." Bí kò bá gbóòórùn ọṣẹ, á jù ú sílẹ̀, á ní, "Ìyàwó, o ò fọ aṣọ yìí."

Ni Ìbídùn bá kọ́gbọ́n. Ó ń fi ọṣẹ ra Ìlédìí dáadáa, á fi omi díẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, á fún un, á sá a. Òórùn ọṣẹ kì í kúrò lára rẹ̀. Ọrùn Ìbídùn náà sì sinmi díẹ̀, nítorí òun nìkan ló ń pọn omi.

Kò pẹ́ tí ìdí Àìná fi pọ́n. Ó pọ́n, ó sú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Bí ìtọ̀ bá ti kàn án, ọmọ náà á fi igbe ta. Kò sùn dáadáa mọ́. Ọmú kò wù ú mọ́. Ó ń rù.

Ìyá Àgbà yẹ ìdí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wò. "Ìdọ̀tí ló wà nínú ìlédìí yìí," ló wí. "Fi ọṣẹ kún un."

Ìbídùn fi ọṣẹ kún un. Ìdí Àìná pọ́n sí i.

"Mo ní fi ọṣẹ kún un! Àbí ọṣẹ bàbá rẹ ni?"

Ìbídùn tún fi kún un.

Ìlédìí nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Ọṣẹ ti sùn kún ibẹ̀, tòní sùn lé tàná lórí. Bí Àìná bá tọ̀, wọ́n á ta jí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọmọ náà nídìí. Ìlédìí ń gbọ́ igbe rẹ̀, kò sì lè tú ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yíjú sí Ọṣẹ nínú igbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ yín jáde. Wọ́n ń ṣe Àìná léṣe."

Ọṣẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ta? Ìwọ àjákù ìró! Ìwọ agbétọ̀! Ìwọ ni kóo máa rán mi níṣẹ́?"

"Mi ò rán yín níṣẹ́. Mo ń bẹ̀ yín ni."

"Gbóòórùn ara rẹ, kóo wá gbóòórùn ara mi. Nínú àwa méjèèjì, ta ni wọn yóò gbà gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìlédìí, nítorí òótọ́ ni. Ó yíjú sí Òrí tó wà nínú àwo kékeré. "Ìwọ ńkọ́, Òrí? Ìwọ ni wọ́n fi ń pa ọmọ yìí lára."

"Kí ni kí n ṣe, ọ̀rẹ́ mi?" ni Òrí dáhùn. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. "Ara ọmọ ò tíì gbẹ tí wọ́n á ti fi mí lé e, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dúró lórí omi. Kí n tó rí ibi dì mú, ìfófó á ti ṣí mi kúrò. Ó ti sú mi."

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ yọ nídìí Àìná.

Ìyá Àgbà figbe bọnu. "Ìlédìí yìí fẹ́ pa ọmọ mi! Ìyàwó, kó gbogbo rẹ̀ jọ, kóo jù ú síná!"

Ìbídùn kó o lórí okùn, ó gbé e lọ sídìí ààrò. Ooru iná kọ lu Ìlédìí. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ohun mìíràn dùn ún ju iná lọ. Bí òun bá jóná tán, aṣọ mìíràn ni wọn yóò fi dí àyè òun, ọṣẹ yẹn náà ni wọn yóò fi fọ̀ ọ́, Àìná yóò sì máa ké lọ bẹ́ẹ̀.

"Ìbídùn!" ló pariwo. "Ìró ìyá rẹ ni mí. Èmi ni wọ́n fi pọn ìwọ náà dàgbà. Ṣé ẹ máa sun mí láìgbọ́ tẹnu mi ni? Ọṣẹ ń sọ tirẹ̀, imú Ìyá Àgbà ń sọ tirẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ni mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀?"

Ìbídùn dúró. "Ó rẹ̀ mí, Ìlédìí. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbọ́ mọ́."

"Ó rẹ èmi náà. Má gbọ́ mi, ṣáà wò mí. Kì mí bọ omi mímọ́. Má fi ọṣẹ kàn mí rárá."

"Omi tí kò tó wa mu!" ni Ìyá Àgbà wí. "Àkísà ń rán ọ níṣẹ́, o sì ń jẹ́ ẹ?"

Ìbídùn gbé ọpọ́n kalẹ̀. Ó da omi sínú ọpọ́n, ó ki Ìlédìí gbígbẹ bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pò ó. Omi náà hó. Ìfófó funfun bo ojú rẹ̀, ó kún dé etí ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Ọṣẹ wà nínú igbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ìbídùn gbójú sókè. "Bàbá Ọṣẹ, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín láti àárọ̀. Ọmọ ta nìwọ̀nyí?"

Ọṣẹ ń wúkọ́. "Wọ́n... wọ́n ń sinmi ni. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn."

"Ìsinmi!" ni Ìlédìí wí. "Ta ló tíì sinmi nínú ilé yìí?"

Ìyá Àgbà ń wo ọpọ́n, ó ń wo igbá. "Ṣùgbọ́n òórùn wọn ni mo fi ń mọ̀ pé aṣọ mọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Ìbídùn dáhùn. "Kò sí imú nídìí Àìná."

Nígbà náà ni Omi sọ̀rọ̀ láti inú ọpọ́n. "Èmi náà ń wọ inú aṣọ lọ ṣiṣẹ́. Bí mo bá parí, wọ́n á fún mi dànù, oòrùn á gbé ìyókù mi lọ. Mi ò sùn sínú aṣọ ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Kí ló dé tí ti Ọṣẹ fi yàtọ̀? Ó yá, ẹ̀yin ọmọ Ọṣẹ. Ẹ tẹ̀lé mi."

Ìbídùn da omi náà nù sí ẹ̀yìnkùlé, ìfófó bá a lọ. Ó bu omi mìíràn, ìfófó bá ìyẹn náà lọ. Ọṣẹ ń pariwo pé, "Ẹ padà wálé! Ẹ padà wálé!" ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti fà wọ́n mu. Ó bojú wo ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ wọlé.

"Mo ń kéré!" ló ké. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀!"

"O ò ní fi í sílẹ̀," ni Omi wí. "Aṣọ nílò rẹ. Ṣùgbọ́n ìfófó tó bá wọ aṣọ láti òní lọ, èmi ni yóò bá jáde, kò sì ní padà sílé mọ́. Bó ṣe ń rẹ gbogbo wa, kó máa rẹ ìwọ náà."

Ìbídùn fi omi lásán wẹ ìdí Àìná. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ ibòji láìfi aṣọ kankan dè é, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló tó fi Òrí pa á, Òrí sì dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí Àìná bá ti tọ̀, Ìbídùn á pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, á ṣan èyí tó fọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, á sì sá a sí oòrùn. Díẹ̀díẹ̀, ìdí ọmọ náà jinná. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ìyá Àgbà kò yé gbé aṣọ símú. Ṣùgbọ́n bó bá gbóòórùn ọṣẹ báyìí, ńṣe ló ń jù ú sílẹ̀, á ní, "Ìyàwó, o ò tíì ṣan aṣọ yìí dáadáa." Òun fúnra rẹ̀ á sì gbé ìkòkò, á máa kùn lọ sódò.

Kò sí ẹni tó bẹ Ìlédìí. Wọ́n ká a lórí okùn, wọ́n dè é mọ́ Àìná, ó ṣì ń gbóná oòrùn nígbà tí ọmọ náà tọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọṣẹ ti ń tán lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi fọṣọ. Yóò máa kéré, yóò máa fẹ́lẹ́, títí yóò fi yọ́ mọ́ni láàárín ìka, tí yóò sì bá omi lọ.