Ìdí Tí Àkùkọ Fi Ń Jókòó Lórí Áyọ́ọ̀nù Eléèédú

Nígbà láéláé, nígbà tí aṣọ kò tíì mọ̀ pé ara òun lè tẹ́ pẹrẹsẹ, aṣọ rírún ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Ọba ń wọ̀ ọ́, ìyàwó tuntun náà ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ. Bí wọ́n bá fọ aṣọ tán, wọn a sá a, wọn a ká a, wọn a sì fi ṣe ìrọ̀rí kó lè tẹ́ díẹ̀. Bó bá tẹ́, ó tẹ́. Bí kò bá tẹ́, wọn a wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láyé ìgbà náà, irun àgùntàn ilẹ̀ wa gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀ bó bá ń rìn. Àkùkọ ní tirẹ̀ máa ń fi ojú méjèèjì wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan ń gbé lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọyẹ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Iná ń gbé nínú ààrò rẹ̀, Omi ń gbé nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró lẹ́yìnkùlé, Àgùntàn sì ń sùn lẹ́bàá ògiri. Àkùkọ kò ní ibì kan pàtó. Gbogbo ibi ló ń wà, nítorí kò sí ẹni tó fọkàn tán.

Bí òjò bá ṣú, Àkùkọ a ní ta ló rán an. Bí Àwẹ̀ró bá da àgbàdo fún un, a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tàn án káàkiri, a wo abẹ́ rẹ̀, kó tó ṣa ẹyọ kan jẹ. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun a sì dá wọn lóhùn pé ìfura loògùn àgbà. N kò lè bá a jiyàn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí gan-an, mo máa ń wo abẹ́ ibùsùn kí n tó dùbúlẹ̀.

Ní ọdún kan, Àgùntàn bí ọmọ kan tó rí tín-ín-rín, kò sì sí irun kankan lára rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ilé dùn, ṣùgbọ́n inú ìyá ọmọ kò dùn. Afẹ́fẹ́ ti ń gbẹ, ètè ti ń là, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tó ń bọ̀.

Àgùntàn lọ bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń fọṣọ. Ó ní, “Ìyá, ọyẹ́ ń bọ̀. Ọyẹ́ ló pa èyí tí mo bí ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́ irun mi, kí ẹ fi hun súwẹ́tà fún èyí, kó má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó rẹ́ ìdajì irun Àgùntàn, ó ran án lówùú, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì hun súwẹ́tà náà. Apá mẹ́rin ló ṣe sí i, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rin lọmọ náà ní. Àmọ́ kò hun irú rẹ̀ rí. Nígbà tó parí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá kan gùn, òmíràn kúrú, etí rẹ̀ sì ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Wọ́n gbìyànjú títí, orí Tẹ́ẹ́rẹ́ kò wọlé.

Àwẹ̀ró mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó yẹ kó rẹ súwẹ́tà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó fún un jẹ́jẹ́, kó tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi ìbòòji, kó máa fi ọwọ́ fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gún, kó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn gba sùúrù, ọyẹ́ kò sì ní sùúrù.

Ìgbà yẹn ni Iná sọ̀rọ̀ láti inú ààrò. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ṣé Àwẹ̀ró rántí àpótí irin tí alágbẹ̀dẹ fún un, èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tó ní ìdérí, tó ń fi iyọ̀ pamọ́ sí? Ó ní bí wọ́n bá kó òun sí ikùn àpótí náà, tí wọ́n dé e, tí wọ́n sì ń tì í lọ tì í bọ̀ lórí aṣọ, aṣọ yóò gún kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Gbogbo ilé mọ Iná. Òun ló jẹ òrùlé ilé ìdáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Àkùkọ bi í pé, “Kí ni wàá jẹ níbẹ̀?”

Iná ní òun kò ní jẹ nǹkan kan, ìrànlọ́wọ́ lásán ni òun fẹ́ ṣe.

“Ẹ sún mọ́ Omi o,” ni Àkùkọ wí fún àwọn ará ilé. “Iná ní ebi kò pa òun mọ́.”

Ṣùgbọ́n Tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Àgùntàn sì ń wo ojú Àwẹ̀ró. Wọ́n bá Iná ṣe àdéhùn. Àkùkọ ló là á sílẹ̀. Kí àpótí tó kan aṣọ, ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Bí ewé náà bá jó, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Omi yóò wà nítòsí nínú igbá. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Iná búra. Wọ́n wá béèrè ẹni tí yóò ṣọ́ ìdérí, gbogbo ojú sì yí sí ọ̀dọ̀ Àkùkọ. Ó fò gun orí àpótí, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ìkejì kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ gbóná.

Ìró àtijọ́ kan ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó fi ìdí àpótí nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé náà dún ṣáà, òórùn tútù sì gba inú ilé. Ó wọ́n omi sí ìró náà, ó ti àpótí lọ, ó fà á bọ̀. Ibi tó bá gbà kọjá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìrún tó ti wà lára aṣọ náà láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀ sá lọ. Ó gbé e sókè, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbóná wọ́ọ́wọ́ọ́, ó sì ń ta sánsán. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín.

Kò lè dúró mọ́. Ó lọ gèlè, ó lọ bùbá, ó lọ aṣọ ìnura, kódà ó lọ àkísà tó fi ń nu ilẹ̀. Àgùntàn wá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé orí aṣọ gbígbóná náà, ó di ojú. Adùn wà nínú aṣọ lílọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Inú Àkùkọ pàápàá fẹ́ máa dùn, ohun tó sì kọ́kọ́ bà á lẹ́rù nìyẹn.

Nígbà tó kan súwẹ́tà, Àwẹ̀ró tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó gbé àpótí lé òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ gé ewé tuntun.

Àkùkọ nìkan ló kù lórí ìdérí. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Iná kò sọ̀rọ̀. Ó tún tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ara Àkùkọ kò balẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí ẹni tó máa ń ta pàrà-pàrà tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́? Kí ló ń gbèrò? Ó ní bí òun bá yọjú díẹ̀, díẹ̀ péré, òun yóò lè sọ fún àwọn ará ilé kó tó pẹ́ jù.

Ó ki ẹnu bọ abẹ́ ìdérí, ó gbé e sókè, ó sì fi ojú kan wo inú rẹ̀. Èéfín kó sí i lójú. Ó gbọn orí, ìdérí ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ wọlé. Ẹyin iná kan fò jáde, ó sì bà lé àyà súwẹ́tà.

Àkùkọ sáré pa ìdérí dé. Ó pẹ́ jù. Òórùn irun jíjó ti gba ilé kan.

Nígbà tí Àwẹ̀ró wọlé, ihò tí ìkúùkù lè gbà kọjá wà láyà súwẹ́tà náà. Àgùntàn ké. Iná ní inú àpótí lòun wà, ṣé ìdérí kò sì wà ní dídé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀? Àpótí ní òun kò lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kí wọ́n bi Omi, nítorí ó wà níbẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan. Omi ní wọn kò pe òun. Ohùn Àkùkọ ló ga jù. Ó ní ṣebí òun sọ fún wọn pé Iná kò ṣeé fọkàn tán.

Àwẹ̀ró rí i pé ojú Àkùkọ kan ń ṣomi, ó sì bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni yóò fura sí ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé?

Àgùntàn ti ọmọ rẹ̀ síwájú, ó ní òun ń lọ sínú igbó.

“Ilé tí n kò ti mọ ẹni tó jó aṣọ ọmọ mi, n kò lè sùn níbẹ̀,” ó wí. “Igbó tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òtútù kò ní purọ́ fún mi.”

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń bá a lọ, eyín ọmọ náà ń lu ara wọn. Àkùkọ dúró, ó ń wò wọ́n. Ó mọ̀ dájú pé bí wọ́n bá dé igbó, ọmọ náà kò ní rí òwúrọ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, ṣùgbọ́n ó fò, ó bà sí àárín ọ̀nà níwájú wọn.

“Èmi ni,” ó wí. “Iná dákẹ́, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ń rò. Èmi ni mo ṣí ìdérí.”

Iná ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti inú àpótí. Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í pariwo. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ títí di òní n kò tíì gbà á gbọ́ tán, nítorí ta ló ní kí ẹyin iná yẹn fò?

Àwẹ̀ró wo Àkùkọ títí. Ó ní, “Páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn. Ìwọ fura ní tìrẹ, aṣọ ọmọ ọlọ́mọ lo sì tì síná.”

Wọ́n padà sílé. Àgùntàn tún dúró kí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀, wọ́n sì rẹ́ ẹ dé awọ. Àwẹ̀ró tú súwẹ́tà náà dé ibi tó ti jó, ó tún un hun. Iná tún ní òun lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dá a lóhùn. Àwẹ̀ró rẹ ẹ́ sínú omi, ó fún un jẹ́jẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ fà á díẹ̀díẹ̀, ó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn wá jókòó, wọ́n ń dúró kó gbẹ.

Ọyẹ́ gan-an dé kí ó tó gbẹ. Àkùkọ lọ bá Tẹ́ẹ́rẹ́, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi bò ó. Kò béèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi ìyẹ́ òun ṣe. Kò wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí súwẹ́tà fi gbẹ, nígbà tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ fún Tẹ́ẹ́rẹ́, ó bá a mu gẹ́gẹ́. Ọmọ náà rí òpin ọyẹ́, ó sì dàgbà di ìyá.

Irun Àgùntàn tí wọ́n rẹ́ dé awọ kò gùn mọ́ láéláé. Ojú Àkùkọ san, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì kò jọ wo ohun kan mọ́. Bí ó bá fẹ́ wo yín, a fi ọ̀kan wò yín, a yí orí, a tún fi ìkejì wò yín.

Àwẹ̀ró kò sọ àpótí irin náà nù. Ẹni tó ti mọ adùn aṣọ lílọ kò lè padà sídìí aṣọ rírún. Ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, ìyẹn sì rọ àkùkọ irin kékeré kan, ó fi ti ìdérí náà pa. Àpótí yẹn ni à ń pè ní áyọ́ọ̀nù eléèédú lónìí.

Láti ọjọ́ náà ni irun àgùntàn ilẹ̀ wa ti kúrú. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká tó gbé e lé aṣọ, tí a sì ń tẹ́ súwẹ́tà sílẹ̀, tí a ń fi ọwọ́ fà á, tí a ń fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni àkùkọ ti ń jókòó lórí ìdérí áyọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá rí i, ẹ wò ó dáadáa. Kò wo ìsàlẹ̀ níbi tí Iná wà. Ẹni tó ń na ọwọ́ bọ̀ wá ṣí ìdérí ló ń wò.