Òkété Pe Ara Rẹ̀ ní Àrólé Odò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó fi ọwọ́ bo ẹnu ná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, odò kan ń ṣàn láàárín ìlú Ìdí-Arère, níbi tí àwọn ẹranko ń gbé. Olómitútù ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ ti ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, a sì tún máa sọ pé òun kò tíì mọ́. Etí odò náà ni Àkèré ń gbé. Ọkọ Àkèré kú lóṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ fún un kò tíì hu ẹsẹ̀. Ìrù ṣì wà nídìí wọn, inú omi nìkan ni wọ́n lè gbé.

Òkété wá wo ilẹ̀ tí odò gbà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ilé olójúlé méjìlá síbẹ̀. Òkété tí ara rẹ̀ kò kún ihò kan! Ó gòkè lọ sí orísun odò, ó fi igi àti amọ̀ dí i pa. Lọ́jọ́ kẹta, odò gbẹ. Ìkòtò kan ṣoṣo ló kù tó lómi, kò ju igbá kan lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ Àkèré há sí.

Òkété bá wé aṣọ dúdú mórí, ó bọ́ síta, ó figbe ta.

"Mo gbé o! Odò ti kú o! Bàbá mi ti kú o!"

Pẹ́pẹ́yẹ yọjú. "Bàbá ta ni?"

"Bàbá tèmi! Èmi ni àkọ́bí Olómitútù."

"Ìwọ tí o kò mọ odò wẹ̀?"

"Ta ló ń wẹ̀ nínú bàbá rẹ̀? Àpọ́nlé ni mo ń ṣe!"

Pẹ́pẹ́yẹ gbà á gbọ́. Ló bá bú sẹ́kún. Ní Ìdí-Arère, bí ẹnìkan bá ti ń sunkún, gbogbo ìlú a bá a sun ún. Òkété ní kí olúkúlùkù gbé agbọ̀n erùpẹ̀ kan wá, kí wọ́n fi sin òkú. Bí wọ́n bá sin ín tán, kí wọ́n fa ilẹ̀ rẹ̀ lé òun àrólé lọ́wọ́. Ó dá orin:

*Olómitútù ti lọ o —*
*Ẹ gbé erùpẹ̀ wá!*
*Kò dágbére kó tó lọ o —*
*Ẹ gbé erùpẹ̀ wá!*

Orin náà dùn. Ewúrẹ́ ń jó bọ̀, ó ti da pàǹtí ilé rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ó ní òkú kò ní mọ̀.

Àkèré dúró níwájú ìkòtò, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró! Àwọn ọmọ mi wà níbí!" Orin bo ohùn rẹ̀. Ó wá rántí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Kó tó la ẹnu béèrè, àwọn aládùúgbò ti gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àkèré fò, ó bà lé orí Ẹfọ̀n, Baálẹ̀ ìlú, tó wá síbi ìsìnkú, ó jókòó sáàárín ìwo méjèèjì.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú pé mo jókòó lé yín lórí. Ìbéèrè kan péré ni. Ta ló wẹ òkú yìí?"

Orin dá.

"A kò tíì wẹ̀ ẹ́," ni Baálẹ̀ wí. "A kì í sì í sin òkú láìwẹ̀. Òkété, ìwọ ni àkọ́bí. Gbé omi wá."

"Omi kẹ̀? Baálẹ̀, omi gan-an ló kú! Ẹ jẹ́ ká fi iyanrìn wẹ̀ ẹ́."

"Iyanrìn? Ṣé ìkòkò ni bàbá rẹ ni?"

Pẹ́pẹ́yẹ nu ojú. "Baálẹ̀, inú odò yìí ni mo dàgbà sí. Ẹ jẹ́ kí n wá omi lọ. Bí mo bá rí i, kí èmi di àrólé."

"Ó dára," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹni tó bá gbé omi wá ló ni ogún."

Òkété rántí ilé tó fẹ́ kọ́. Olójúlé méjìlá! "Jókòó jẹ́ẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ! Èmi ni n ó gbé e wá." Ó gbé ìkòkò ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà Ewúrẹ́, ó sáré gòkè lọ sí orísun. Àkèré padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòtò rẹ̀. Omi ibẹ̀ ń fà lọ, àwọn ọmọ ń gun ara wọn.

Lókè lọ́hùn-ún, Òkété ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ni òun máa yọ, kí omi ìkòkò kan jáde. Ó fà á. Igi kejì bá a wá. Amọ̀ ya lulẹ̀, gbì!

"Díẹ̀ ni mo fẹ́!" ni Òkété kígbe. Ta ló ń dá a lóhùn?

Omi ya wọ ìlú, hùùù! Òkété jókòó sínú ìkòkò, aṣọ ọ̀fọ̀ bò ó lójú, ó ń yí bírí-bírí. "Ẹ gbà mí o! Bàbá mi fẹ́ pa mí o!"

"Òkú ti jí!" Ewúrẹ́ sá, ó ṣubú sínú agbọ̀n pàǹtí ara rẹ̀.

Àkèré bẹ́ sómi, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ gbòǹgbò igi. Ó kà wọ́n, wọ́n pé. Ó tún wọn kà, nítorí ẹni tó ti pàdánù rí, ẹ̀ẹ̀kan kì í tó o.

Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹnu wọ́ Òkété jáde. Amọ̀ funfun kún èékánná rẹ̀, irú èyí tó wà ní orísun odò nìkan. Gbogbo ìlú wò ó. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

"Ẹ lé e kúrò nílùú!" ni wọ́n ń wí.

"Ẹ má lé e," ni Àkèré wí. "Ó ní odò ni bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè kì í jogún, iṣẹ́ ló ń bá bàbá ṣe."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí Àkèré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ó ń sunkún. Ó ní kí agbolé kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ etí odò tó kàn án, kí ẹnikẹ́ni má da pàǹtí síbẹ̀ mọ́. Ó sì fi ìgbálẹ̀ lé Òkété lọ́wọ́, kó máa gbá etí odò láti ọjà dé òkè. Ojú ń ti Òkété kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í jáde lọ́sàn-án títí di òní.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Odò ìlú kì í ṣe ogún ẹnìkan. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá sọ fún yín pé odò kan ti kú, ẹ kọ́kọ́ lọ wo orísun rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín, ta ló da pàǹtí sódò lánàá?

Ẹ ń wo ilẹ̀? Ó dára. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ bu omi fún mi.