Ìdí Tí Ajá Fi Ń Fi Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ta Yẹ̀pẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ìlú kò tíì pọ̀, oko ni gbogbo ajá ń gbé. Ibi tó bá wu ajá ló ń yàgbẹ́ sí. Òjò á rọ̀, á gbá a lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ajá nítorí ìgbẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín! Ta ni kì í yàgbẹ́ nínú yín? Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi o.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kọ́ ìlú. Ilé wọn fún mọ́ra. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín, àgbàlá kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn. Bí o bá sín nínú yàrá tìrẹ, ará yàrá kejì ni yóò kí ọ pé pẹ̀lẹ́.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ń gbé, Awẹ́ró lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló máa ń bó tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ilé dá páropáro mọ́ ọn, ó lọ sí oko, ó gbé ọmọ ajá kan wálé. Ajá yìí ló ń sùn lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà ló ń bá sọ̀rọ̀ tó bá ń bó ẹ̀gúsí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Àmọ́ ajá oko kò mọ ìwà ìlú. Ó yàgbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Awẹ́ró ń wò ó níran.

Àwọn ará ilé bẹ̀ ẹ́ títí. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mójú tó ajá yín." Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá yìí ṣe? Ó fi orúkọ ajá fún wọn lésì! Ó sọ ọ́ ní Kòkànyín. Láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá ń run orín lọ́wọ́, yóò kígbe pé, "Kòkànyín! Kòkànyín o! Wá jẹun!" Ojú wọn gan-an ni yóò sì máa wò bó ṣe ń pè é. Ẹ ò rí àgbà!

Nínú ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbá máa ń yí kárí ni. Ẹni tó bá kàn ni yóò jí gbá a. Lọ́jọ́ kan, ó kan Àṣàbí, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ ìgbẹ́ ajá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú gbì! Gbogbo ilé sáré jáde. Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè, kò fara pa, nǹkan kan kò sì ṣe oyún rẹ̀. Àmọ́ ó di ikùn mú, ó ń sunkún.

Ọjọ́ náà ni sùúrù tán. Baba Ládìípọ̀, àgbà ilé, ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Kí oòrùn òní tó wọ̀, kí ajá yìí padà sínú igbó oko tó ti wá."

Igbó kẹ̀? Ẹkùn ń bẹ nínú igbó, kò sì sí ẹran tó dùn mọ́ ẹkùn lẹ́nu tó ajá. Awẹ́ró jókòó pa, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ajá sáré lọ bá Ológbò, tó ń yáàrùn lórí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ lé mi lọ bá ẹkùn. Ẹ̀yin náà ń yàgbẹ́, kí ló dé tí wọn kì í bínú sí yín?"

"Mo máa ń bo tèmi mọ́lẹ̀ ni," Ológbò dáhùn. "Kò le. O ó fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí o sì..."

"Mo ti gbọ́! Ẹ ṣeun!" Ajá ti sáré lọ.

"Kí o kọjú sí i o!" Ológbò pariwo tẹ̀lé e. Ta ni yóò gbọ́?

Ajá pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá. Ó yàgbẹ́ lójú gbogbo wọn. Áà, ojú tì mí fún un! Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí i, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta yẹ̀pẹ̀, fàà! fàà! fàà! Yẹ̀pẹ̀ bọ́ sínú irùngbọ̀n Baba Ládìípọ̀. Yẹ̀pẹ̀ bá Ológbò lórí ògiri. Ìgbẹ́ nìkan ni yẹ̀pẹ̀ kò bá.

Ajá gbé orí sókè, ó ń ju ìrù. "Mo ti bò ó," ó ní. "Ṣé mo lè dúró?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ará ilé, àmọ́ bí wọ́n ṣe rí ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Baba gbọn irùngbọ̀n rẹ̀. "Ajá, o ò bò ó," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìrù ajá wálẹ̀.

Ni Awẹ́ró bá dìde. Ó mú àpáàdì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kó ìgbẹ́ náà, ó gbẹ́ ihò lẹ́yìn àgbàlá, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú Àṣàbí, ọmọ tó lè bí lọ́mọ.

"Háà, ìyá! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Èmi ni mo gbé ọ ṣubú, kì í ṣe ajá. Ajá ò bẹ̀ mí pé kí n gbé òun wá sílùú. Èmi ni ilé dá mọ́, tí mo lọ gbé e. Ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn, òun ni yóò pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má lé e. Ibi tó bá lọ, màá máa tẹ̀lé e. Èyí tí kò bá bò, èmi ni màá kó o. Orúkọ burúkú tí mo sọ ọ́, mo ti pa á rẹ́."

Baba Ládìípọ̀ wo Àṣàbí. Àṣàbí mi orí pé òun gbà.

"Ó dáa," ni Baba wí. "Ẹ máa mú un jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a ò bá rí yín lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbà, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi o!"

Láti ọjọ́ náà ni ajá, tó bá ti yàgbẹ́ tán, ti máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta yẹ̀pẹ̀, fàà! fàà! Kì í bò ó. Kì í tilẹ̀ wẹ̀yìn wò bóyá ó bò ó. Ó ń bá tirẹ̀ lọ ni, ó ń ju ìrù, nítorí ó dá a lójú pé ẹni tó gbé òun wálé ń bọ̀ lẹ́yìn.